Èmi Ni Mo Mú Eegun Pẹ̀lẹ́ Rọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ ìjàpá ni mo gbé wá, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú àgbàlagbà kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí n kò bá sọ̀rọ̀ báyìí, ojú náà lè fọ́.

Aránṣọ ni mí. Ìkàrẹ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀kà ni ọkọ mi. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń dá gbé nílé wọn ní Ọ̀kà láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn bàbá yìí gan-an. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi tí ara mi kò yá, àwọn ni wọ́n ń gun ọ̀kadà wá láti Ọ̀kà wá gúnyán fún mi. Ará àdúgbò sọ ọ́ títí pé bàbá ọkọ kì í gúnyán fún ìyàwó ilé, ó fi sú wọn. Iyán ni Bàbá ń gún ní tiwọn.

Oko wọn lọ́nà Etíòrò ni wọ́n ti rí ìjàpá náà, kò ju ẹyin adìyẹ lọ nígbà yẹn. Wọ́n sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́. Èdè Ọ̀kà ìbílẹ̀ ni wọ́n máa ń bá a sọ, torí kò sí ẹni tó kù nínú ilé tí wọ́n lè bá sọ ọ́. Èmi tí mo jẹ́ ará Ìkàrẹ́, ìdajì ni mo ń gbọ́. Láràárọ̀ wọ́n á gbé e sínú oòrùn ní àgbàlá, wọ́n á já ewé yánrin fún un, wọ́n á máa ròyìn bí wọ́n ṣe sùn fún un. Pẹ̀lẹ́ náà á na ọrùn bí ẹni tó gbọ́.

Lọ́dún tó kọjá, nǹkan funfun bo ojú Bàbá méjèèjì. Dókítà ní àwọn á ṣe ọ̀kan, bó bá jinná, àwọn á ṣe èkejì. Ìbàdàn ni Bàbá lọ ṣe àkọ́kọ́, lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi obìnrin, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Èmi ni wọ́n fa Pẹ̀lẹ́ lé lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, oòrùn àti ewé nìkan ló fẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kí àárò mi sọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wá gba aṣọ rẹ̀. Ó rí Pẹ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí èèyàn máa ń rò bó bá rí ìjàpá nílé aránṣọ tí oníbàárà ń ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní àwúre ni. Ojú tì mí. Mo gbé Pẹ̀lẹ́ sínú bésínì kan nínú sítọ́ọ̀ ẹ̀yìn kíṣìnnì wa. Kò ní fèrèsé rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò febi pa á. Mo ń fún un ní búrẹ́dì, ìrẹsì àti ẹ̀bà, mo tiẹ̀ rò pé mò ń kẹ́ ẹ ni. Bí Bàbá bá pè, wọ́n á bi mí bóyá ó ń rí oòrùn. Màá ní ó wà níta báyìí. Wọ́n á ní kí n gbé fóònù sí i létí. Inú sítọ́ọ̀ ni màá lọ lóṣòó sí, nínú òkùnkùn, ohùn Bàbá á máa sọ èdè Ọ̀kà lọ látinú fóònù nínú bésínì.

Nígbà tó yá, kò gbé ikùn kúrò nílẹ̀ mọ́ bó bá ń rìn, ó kàn ń wọ́ ọ. Mo ní ọ̀lẹ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń tẹ̀ síta. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ gbé e kí n fọ bésínì, àtàǹpàkò mi tẹ igbá ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Igbá ẹ̀yìn ìjàpá, ó rọ̀.

Mo fi aṣọ bò ó nínú báàgì, mo gbé e lọ bá dókítà ẹran. Ó ní eegun rẹ̀ ló ń rọ̀. Ó ní bí kò bá ti sí oòrùn, ara rẹ̀ kò lè lo ohun tó ń mú eegun le, búrẹ́dì àti ìrẹsì kò sì ní in tó, ló bá ń fa ti ara eegun rẹ̀ jẹ. Mo bi í bóyá kí n máa gbé e sídìí fèrèsé onígíláàsì. Ó ní rárá, gíláàsì kì í jẹ́ kí èyí tó wúlò nínú oòrùn wọlé. Ìta gbangba ni, kí ibòji wà nítòsí tó lè sá sí. Ó ní kí n máa fún un ní oríṣiríṣi ewé, kí n lọ èèpo ẹyin kúnná lé e. Ó fún mi lóògùn, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ tó ti wọ́ lè má nà mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìjàpá nílé, ẹ jọ̀ọ́, bó bá ti ń wọ́ ikùn nílẹ̀, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Mo ṣe gbogbo ohun tó sọ. Igbá náà ti ń le díẹ̀díẹ̀ kí Bàbá tó dé. Wọ́n fi ojú tuntun wo Pẹ̀lẹ́, wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." N kò mọ̀ bóyá orúkọ ni wọ́n ń pè tàbí wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Àárò mi ló sọ ọ́ dà báyìí. Mo pẹ́ jù."

Mo lanu kí n sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni, "Bóyá ni, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní báyìí, àkókò ti tó láti ṣe ojú kejì, Bàbá ní àwọn kò lọ. Wọ́n ní ojú kan tó àwọn, àwọn kò tún ní fi Pẹ̀lẹ́ sílẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n títí, àbúrò rẹ̀ sunkún lórí fóònù, ojú yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan mọ́. Àwọn àgbà ní, ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tèmi ló ṣẹ̀, ojú Bàbá ló ń jìyà rẹ̀.

Bí mo bá jẹ́wọ́ pé àìrí oòrùn ni, kì í ṣe àárò, mo mọ̀ pé wọ́n á lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri Ọ̀kà, pé láti ọjọ́ tí ìyàwó àwọn ti kú, Pẹ̀lẹ́ nìkan ni àárò àwọn ń sọ. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á nu ojú. Èmi ni màá wá gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá jẹun nílé wa. Màá kúnlẹ̀, màá sọ ọ̀rọ̀ sítọ́ọ̀ àti bésínì. Mo sì fẹ́ fi kún un pé àárò wọn sọ ẹnì kan lóòótọ́ nígbà tí wọ́n wà ní Ìbàdàn, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn gbogbo irọ́ tí mo ti pa, ṣé wọ́n á gba ìyẹn lẹ́nu mi?