Àga Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ti Di Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí a ń pè ní Àǹtí, ń bọ̀ wá sílé wa, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ní kí wọ́n tú àwọn àga tí Àǹtí fi ta wá lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó wa. Títú ni mo wí o, n kò tà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi, ọkọ mi àti Moyọ̀ ọmọbìnrin wa ń gbé ní Zongo, níbí ní Niamey. Àga Àǹtí ló kún inú pálọ̀ náà, àga ńláńlá onítìmùtìmù, tí ènìyàn lè gbé abọ́ oúnjẹ lé apá wọn. Bí àlejò méjì bá jókòó, orúnkún wọn á kanra. Ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn kọjá. Orí èyí tó gùn jù ni Moyọ̀ ń sùn, apá àga ló sì fi ń ṣe tábìlì ìkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé kí á gbé ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n ọkọ jáde? Èmi kọ́.

Ìgbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ màmá mi lẹ́nu ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì pinnu pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Bàbá Moyọ̀ wo pálọ̀ yíká, ó ní, "Ibo ni Màmá máa sùn? Jẹ́ kí Moyọ̀ lọ máa gbé lọ́dọ̀ Àǹtí." Òdìkejì odò ni Àǹtí ń dá gbé. Wọn kò bímọ, wọ́n sì fẹ́ràn Moyọ̀ gan-an. Kíá ni wọ́n ra fóòmù ìbùsùn tuntun sílẹ̀ dè é. Kí ni mo fẹ́ wí? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní ló ń lọ yẹn.

Níbi tí Moyọ̀ ti ń di àpò rẹ̀ ló ti bi mí ní ìbéèrè kan. Ilé-ìwé Faransé ló ń lọ, èdè Zarma ló sì fi ń ṣeré ládùúgbò, nítorí náà ohùn Yorùbá máa ń yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé torí pé ayé ò sí nílé wa ni mo ṣe ń lọ?" Àyè ló fẹ́ sọ. Mo lanu láti tún un ṣe, bí ìṣe mi: dò dò ni àyè, re mí ni ayé. Ṣùgbọ́n n kò tún un ṣe mọ́. Mo jókòó ti àpò rẹ̀, mo ń rò ó pé bóyá ọmọ yìí kò tilẹ̀ ṣì í sọ.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì jáde nínú báàgì mi. Èmi àti Moyọ̀ ya pálọ̀ wa sílẹ̀ẹ́lẹ̀ àgbàlá bó ṣe tóbi gẹ́lẹ́, a ya àwọn àga sínú rẹ̀, mo wá ní kó lọ dúró síbi tó bá ṣẹ́kù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni ibẹ̀ gbà. Bí ibi tí ẹ̀yin náà ń gbé bá há, ẹ kọ́kọ́ yà á báyìí kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì bi ẹrù kọ̀ọ̀kan pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Àga ń gba ìdí nìkan. Bẹ́ńṣì onídèérí ń gba ìdí, ó tún ń gba aṣọ sínú. Mo kọ́kọ́ ro ibùsùn orí ibùsùn, àmọ́ páànù ló wà lókè, ooru ibẹ̀ á sì yan ọmọ. Ni mo bá yà á sísàlẹ̀: ibùsùn kékeré onítáyà, tí a ó máa tì sábẹ́ ibùsùn Màmá láàárọ̀. Moyọ̀ ní kí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bíi ti ọkọ̀ àwọn apẹja odò wa.

Káfíńtà ará Ìsẹ́yìn kan tó wà nítòsí wa wo ohun tí a yà. "Mọ́mì Moyọ̀, ṣé kí n kan àjẹ̀ mọ́ ọn ni?" Igi àga Àǹtí ló fi kan gbogbo rẹ̀, tìmùtìmù wọn ló sì wà lórí bẹ́ńṣì. Kí ó tó fọwọ́ kàn án, mo ti pe Àǹtí láti sọ fún wọn pé a fẹ́ tú àwọn àga, àti pé Moyọ̀ kò ní wá gbé lọ́dọ̀ wọn mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ tú àga mi, ẹ tún gba ọmọ padà lọ́wọ́ mi. Ó dáa, ìyàwó." Wọn kò pè mí mọ́.

Màmá ti dé báyìí. "Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ ń kọjá," ni Moyọ̀ máa ń wí bó bá ń fa ibùsùn rẹ̀ jáde. Màmá á ní, "Awakọ̀, ọkọ̀ rẹ yìí ń hanrun jù." Bí ooru bá mú, a ó yí i jáde sí àgbàlá.

Lánàá ni Àǹtí pe fóònù mi, wọ́n ní kí n fún Moyọ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn ketekete: "Fóòmù tí mo rà fún ọ ṣì wà níbí. Ṣé ó máa gba inú ọkọ̀ rẹ tí mo bá gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú?"

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ni, àbí kí n mú wọn lọ síbi ọkọ̀ náà, kí wọ́n fọwọ́ kan igi wọn fúnra wọn? N kò tíì mọ èyí tí n ó ṣe. Moyọ̀ ní tiẹ̀ ti fún wọn lésì, n kò sì tún un ṣe. Ó ní, "Ẹ máa gbé e bọ̀, Àǹtí. Ayé wà nílé wa."