Ìlà Kan Tí Mo Fi Kún Un

Mo ń tẹ ìlà kan kún ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Onígò kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé òun ni. Ìka kan ṣoṣo ló máa ń fi kan ilẹ̀kùn, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń yẹ ìgò wò bóyá ó ti sán. Mo ní, "Dúró díẹ̀." Mo parí ìlà náà. Mo fi fáìlì náà pamọ́. Mo wá dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Ohun tí mo ṣe láàárín ìgbà tó kan ilẹ̀kùn àti ìgbà tó wọlé kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti fi ń gbé e kiri. Mi ò fẹ́ gbé e wọlẹ̀.

Dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti fẹ́ẹ̀ dákẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ní kí n sinmi. Màá sinmi láìpẹ́. Kí n tó sinmi, mo gbọ́dọ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ Ìyá Onígò àti káfíńtà ṣe jẹ́ gan-an, torí èmi nìkan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ Ìyá Onígò ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ fún. Ẹni yòówù tó bá tún fẹ́ kà á lẹ́yìn yín, kó kà á.

Ilé ìwòsàn la ti ṣiṣẹ́, èmi ní yàrá kọ̀ǹpútà, ìyá yín ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Ọdún kan náà ni wọ́n gbà wá síṣẹ́, nítorí náà a kì í pe ara wa ní ẹ̀yin. Ìgò kéékèèké tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sí ló máa ń kún ọwọ́ rẹ̀ láti àárọ̀, ìyẹn ni gbogbo èèyàn ṣe ń pè é ní Ìyá Onígò. Òun náà sọ mí ní Ọkọ Ẹ̀rọ. Bí kọ̀ǹpútà bá kọṣẹ́, á yọrí lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọkọ Ẹ̀rọ, ìyàwó tún ń bínú lónìí? Kí lo ṣe fún un?" Ó ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì tí kò ṣeé yẹ̀ wò mọ́, á dorí ìgò náà kodò sórí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á kọ "ó dì" síwájú nọ́ńbà aláìsàn náà, á sì ní kí wọ́n lọ gba òmíràn. Ìgò tó bá ti dorí kodò, kò ní èsì. Gbogbo yàrá yẹn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo kọ ìwé àṣẹ kan, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a tò sínú fáìlì kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà mẹ́tàdínlógún ni. Á mú nọ́ńbà aláìsàn kan, á pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ wá irú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà jáde nínú èsì tí ìyá yín ti tẹ̀ sínú rẹ̀, á ka ohun tí àṣẹ yẹn bá sọ, á jù ú sínú ohun tí mo lè pè ní àpò, á tẹ ohun tó wà nínú àpò sórí káàdì, á wá yí padà sórí nọ́ńbà tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po títí àwọn aláìsàn yóò fi tán. Iṣẹ́ tó ń gba ìyá yín ní wákàtí méjì di iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú. Òun nìkan ló bi mí ní ìbéèrè. Ó ní, "Ọkọ Ẹ̀rọ, bí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan bá dì ńkọ́? Bí o bá bi ẹ̀rọ tí kò sí èsì, kí ni yóò kọ?" Mo ní, "Kò ní kọ nǹkan kan. Ojú ibẹ̀ á ṣófo." Ó ní, "Ṣé o ti dán an wò?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá Onígò, bí ẹnì kan bá dákẹ́, kí lo fẹ́ kí n kọ pé ó sọ?" Ó ní, "O ò mọ ọkọ mi nìyẹn. Kò ní sọ̀rọ̀, wàá sì gbọ́ ọ." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò dán an wò. Mo ní kó pa ìwé rẹ̀ tì, pé ẹ̀rọ ti gba ìyẹn ṣe, pé kò sì nídìí tó fi ń ka káàdì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó tó buwọ́ lù ú. Ó gbé ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀. Kò kọ ọ́ mọ́.

Oṣù mẹ́jọ la fi lò ó láìsí wàhálà. Kì í ṣe torí pé iṣẹ́ mi pé. Ìyá yín ni kì í jẹ́ kí ìgò kankan dorí kodò títí di aago mẹ́wàá àárọ̀ tí mo máa ń tẹ káàdì. Á ti sáré kí wọ́n gba òmíràn, á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ló ń bo àṣìṣe mi láìmọ̀.

Wọ́n wá gba káfíńtà wọlé. Òun ló kan pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn gan-an. Ikùn ló ń dà á láàmú, wọ́n sì ti fi iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wo pẹpẹ náà, ó ní, "Ìyá, ẹ rọra fà á o. Bí mo bá kú, ta ló máa bá yín tún pẹpẹ ṣe?" Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì. Ìyá yín dorí ìgò kodò, ó ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì pé kó gba òmíràn. Nọ́ọ̀sì ní òun ń bọ̀. Kó tó dé, aago mẹ́wàá ti lù, mo sì ti tẹ káàdì. Káàdì mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni lọ́jọ́ náà. Ìyá yín buwọ́ lu gbogbo wọn. Ó rò pé ti káfíńtà á ṣófo, pé wọn á dá a padà fún òun. Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí i pé káàdì ti jáde, kò gba òmíràn mọ́. Ní ọ̀sán, nǹkan já nínú ikùn ọkùnrin náà. Wọ́n sáré gbé e lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ po díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ fún un, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n bára mu. Àyè kò sí. Wọ́n wo káàdì. Káàdì ní A. Ẹ̀jẹ̀ O ni káfíńtà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀ọ̀dẹ̀, ó di bàtà ọkọ rẹ̀ mú sí àyà. Kò sunkún. Ó ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Ṣé wọ́n ti ń gbé e bọ̀?" Ó bi èmi náà. Mo ní, "Wọ́n ń bọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ìyá Onígò ń sọ. "Mi ò yẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn wò. Ó dì. Mo dorí ìgò rẹ̀ kodò. Báwo ló ṣe ní èsì?" Wọ́n wá ìgò. Agbálẹ̀ ti kó o dànù láti àná. Wọ́n bi nọ́ọ̀sì, ó ní òun kò rántí pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí òun. Wọ́n bèèrè ìwé. Kò sí ìwé. Káàdì wà, ìbuwọ́lù rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn mi, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ rò pé àlàfo tó wà láàárín orúkọ ló dà á rú, torí irú ìyípo bẹ́ẹ̀ máa ń gé ọ̀rọ̀ níbi àlàfo. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àwọn nọ́ńbà ni kò tò. Wọ́n tò. Mo wá yọ àṣẹ òkè pátápátá, èyí tó ní kí ẹ̀rọ má fi ohun tó ń ṣe hàn, mo fi ìdádúró sí àárín, mo jẹ́ kó máa rìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ kan ló ṣáájú káfíńtà. Ẹ̀rọ bèèrè ti aránṣọ, ó gbọ́ A, ó jù ú sínú àpò, ó tẹ A. Ó bèèrè ti káfíńtà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyípo tó ń ka èsì kò rí ìlà tí yóò kà, nítorí náà kò ṣiṣẹ́ rárá, kò fọwọ́ kan àpò. A ti aránṣọ ṣì wà níbẹ̀. Ó tẹ A. Mo tún un ṣe nígbà mẹ́fà. Ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló tẹ A. Ìlà kan péré ló kù sí i: kí a gbọn ohun tó wà nínú àpò dànù kí a tó bi ìbéèrè tuntun.

Mo lọ bá ọ̀gá wa. Òótọ́ ni mo lọ sọ, mo sì sọ ọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó dìde, ó ti fèrèsé. Ó ní, "Ta ló tún mọ̀?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Ṣé ó ṣeé tún ṣe?" Mo ní, "Ìlà kan ni, sà." Ó ní, "Lọ fi ìlà náà sí i. Ẹni tó kú ti kú. Bí a bá tún jáde sọ pé ẹ̀rọ wa ló pa á, ta ló máa jẹ́ ká fa ẹ̀jẹ̀ lára òun mọ́? Wọ́n á kàn fún obìnrin yẹn ní ìwé ìkìlọ̀. Ìwọ ńkọ́? Ọmọ mélòó lo ní?" Mo ní mẹ́rin. Ó ní, "O rí i." Ọ̀gá ti kú. Mi ò ní di ẹ̀bi rù ú. Kò tẹ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn nígbà tí ìyá yín kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ojú rẹ̀ ti wú. Ó jókòó sórí àpótí tó máa ń jókòó lé. Ó ní, "Ọkọ Ẹ̀rọ, mi ò sùn. Jọ̀ọ́, ṣí ìwé àṣẹ yẹn, kí o fi ibi tó ti ń bèèrè hàn mí. Bí kò bá sí èsì, ṣé lóòótọ́ ló ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo?" Èyí tó burú jù nìyí. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo lè ní kó padà wá lọ́la. Mo ṣí i fún un. Mo fi ìka sí ìlà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Mo ní, "Wò ó. Ìlà yìí ló ń gbọn àpò dànù kó tó bèèrè. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́." Mo mú nọ́ńbà kan tí kò ní èsì, mo dán an wò lójú rẹ̀. Káàdì jáde. Ojú ibẹ̀ ṣófo. Ó di káàdì náà mú, ó wò ó títí. Ó gbé e kalẹ̀, ó wá ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó ní, "A jẹ́ pé èmi ni. A jẹ́ pé mo fi ti ẹlòmíì sí ojú tirẹ̀, mi ò sì rántí." Mo ní, "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà." Ó ní, "O ṣeun tó o fi hàn mí. Ó kúkú sàn kéèyàn mọ̀." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Níwájú ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú náà, ìyá yín kò jà. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀rọ lè ṣe àṣìṣe. Mo ní ohun tí wọ́n bá fún un ló ń kọ. Wọ́n bi òun bóyá ó ní ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ mi ni." Ìwé ìkìlọ̀ kọ́ ni wọ́n fún un. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún. Ó lọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó káfíńtà nílé rẹ̀. Obìnrin yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ mọ ìyókù jù mí lọ. Ẹ mọ̀ pé kò jẹ́ da iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́ láìpe ẹnì kan pé kó wá bá òun wò ó. Ẹ mọ̀ pé á ti ilẹ̀kùn, á tún padà lọ fọwọ́ tì í wò, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ rò pé ọjọ́ orí ni. Èmi ni.

Ní oṣù tó kọjá, mo wá kí i. Àkọ́bí yín gbé àga fún mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó, wọ́n ti ń bèèrè yín." Ìyá yín lajú, ó ní, "Ọkọ Ẹ̀rọ, ìyàwó ńkọ́?" Mo ní, "Mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ṣì ń rí ìgò yẹn. Bí mo bá ti pajú dé, á dorí kodò síbẹ̀ lórí pẹpẹ. Kí ló dé tí mo fi ń rí i bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò ṣẹlẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo ní, "Sinmi." Ó kú lọ́jọ́ kẹta.

Ó ṣẹlẹ̀. Ìgò náà dorí kodò. Ìyá yín kò ṣe káfíńtà ní nǹkan kan. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é; bí ẹ ò bá lè ṣe é, mo gbà. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ mú ìwé yìí lọ bá àwọn ọmọ káfíńtà, kí ẹ kà á sí wọn létí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí kò ní ìdáhùn, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe, kí ẹ tó gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mi ò pa ìwé àṣẹ ti àtijọ́ rẹ́. Mo dà á kọ sórí dísíkì kan ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn kí n tó fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ó wà nínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ ibùsùn mi, pẹ̀lú káàdì òfo tí ìyá yín gbé kalẹ̀ lórí tábìlì mi. Èyí tí mo fi hàn án jẹ́ ìlà méjìdínlógún. Ti inú agolo jẹ́ mẹ́tàdínlógún.