Iná Tí Mo Fà Nínú Ọkọ̀ Lìádì

Ẹ̀yin ará Erúnmu, ikọ́ yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàárè. Èmi Ọládòṣù, tíṣà yín, ni mo ba ayé Lìádì awakọ̀ jẹ́.

Ní Iléyá ọdún 1962, ẹgbẹ́ wa fẹ́ sá eré mọ́tò agolo lọ́sàn-án ní pápá ilé-ìwé. Àwa fúnra wa la máa ń fi agolo kan àwọn mọ́tò kéékèèké náà, bátìrì ló sì ń mú wọn sáré. Múyì télọ̀ ti fẹ̀yìn mi gbálẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi. Mo ní tọdún yìí, àfi kí n borí. Ṣùgbọ́n níbo ni n ó ti ṣáàjì bátìrì? Ẹni tó ń bá wa ṣe é ní Ẹ̀gbẹ́dá ti tilẹ̀kùn nítorí ọdún. Ìjọ wa ní jẹnẹrétọ̀, àmọ́ Bàbá Hezekiah, alàgbà wa, ní iná ilé Ọlọ́run kì í ṣe ti eré ọmọdé. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Àgbà òfìfo ni mí.

Ẹ mọ àṣà wa: bí àwọn Mùsùlùmí bá lọ sí yídì, àwa ọmọ ìjọ la máa ń bá wọn ṣọ́ nǹkan wọn. Ní ìdájí ni Lìádì gbé ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀gá rẹ̀ sí iwájú ilé mi, ó ní kí n bá òun fojú sí i. Bó ti kọ̀yìn báyìí, mo so wáyà mọ́ bátìrì ọkọ̀ náà. Mo mọ̀ pé ó ti gbó. Ǹ bá fa díẹ̀ kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n ojúkòkòrò mú mi: mo ṣáàjì tèmi, mo ṣáàjì ti ọ̀rẹ́ mi mẹ́fà. Mo tú wáyà kí wọ́n tó ti yídì dé.

Lìádì fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ kí àwọn èèyàn wọn, ọkọ̀ kò dún. Ó ki irin bọ iwájú ọkọ̀, ó ń fi yí ẹ́ńjìnnì. Irin náà ta padà, ó ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú ilé.

Àlùhájì Sàníù tó ni ọkọ̀ dé, ó ní kí èmi tí mo mọ̀ nípa bátìrì sọ ohun tó pa á. Mo wo Lìádì tó gbé ọwọ́ lé itan, mo ní: "Iná iwájú ló gbàgbé láti pa, sà. Ìgbà tí mo fi máa rí i, bátìrì ti kú."

Mo rò pé Lìádì yóò bá mi jà. Ó kàn wò mí, ó ní: "Tíṣà ò ní purọ́ mọ́ mi. Bóyá mo gbàgbé lóòótọ́."

Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ náà wọ́, kò wa ọkọ̀ mọ́ di òní. Oko ẹ̀gẹ́ ló ń fi ọwọ́ òsì ro. Èmi sì lọ sí pápá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo borí Múyì.

Láti ìgbà náà, kò sí Iléyá tí Lìádì kì í fi ẹran ránṣẹ́ sí mi, pé mo bá òun ṣọ́ ọkọ̀. Tọdún yìí dé lánàá. Àjọkẹ́ ìyàwó mi sè é, n kò lè gbé e mì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí wọ́n bá fi sí ìkáwọ́ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Lìádì, o pa iná ọkọ̀ rẹ lọ́jọ́ náà. O kò gbàgbé. Bí o bá lè dárí jì mí, jọ̀ọ́, dárí jì mí.