Ọkàn Tí Kò Lè Gba Oorun

Nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìrókò ni mo ti gbọ́ bí ìyá àgbàlagbà kan ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀ fún ọmọbìnrin tó jókòó tì í.

"Ẹ̀jẹ̀ ló ń bì. Dókítà ní àwọn máa ti rọ́bà tó ní kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lọ́fun, káwọn lè rí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Kò lè fara dà á láìsùn, ni wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́ oorun. Nọ́ọ̀sì ṣèlérí fún mi pé ojú òun ò ní kúrò lára rẹ̀, torí ó ti ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀."

"Ṣé wọ́n rí i ṣe, mà?"

"Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń pariwo: 'Ẹ fà á jáde! Bùọ̀dá, ẹ mí! Ẹ mí sínú!' Ó jí ṣá."

"Ọlọ́run ṣeun."

"Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló jáde wá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, 'Màmá, ọkàn wọn ò lè gba oorun.' Wọn ò ní dán an wò mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò sì dá."

Ọmọbìnrin náà rọra bi í pé, "Kí ni wọ́n wá ní kẹ́ ẹ ṣe?"

"Wọ́n ní kí n lọ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, nígbà tó ṣì lè dá wọn mọ̀."