Ìtọ̀ Inú Ike Yẹn, Èmi Ni Mo Ni Ín

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka lẹ́tà àwọn èèyàn tí ẹ sì máa ń dá wọn lóhùn, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún kan ó lé. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó ti pé ọdún méjìdínlógójì. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n ti da ẹ̀ṣẹ̀ mi lé obìnrin kan lórí ní Òmù-Àrán, obìnrin náà kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì máa ṣàánú mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ní agbègbè Èsìẹ́ wa yìí, ẹni tí mo bá sì kọ́ á sọ fún yín pé ẹnu mi mú. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ yìí, ìdajì rẹ̀ ni mo kábàámọ̀. Ìdajì yòókù, bí ó bá tún délẹ̀ lọ́la, mà á tún un ṣe.

Nínú ìjọ wa, bí ọmọbìnrin kan bá fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lóyún. Bí kò bá lóyún, á wọ gáùn funfun, wọ́n á so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀ níwájú pẹpẹ, akọrin á kọrin. Bí oyún bá wà, kò sí gáùn, kò sí akọrin. Pásítọ̀ á gbàdúrà fún wọn nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọbìnrin náà á sì máa jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, títí á fi bímọ. Gbogbo wa la mọ bẹ́ńṣì yẹn. Àwọn ọmọdé pàápàá kì í jókòó síbẹ̀, bí ìjọ tiẹ̀ kún.

Èmi ni wọ́n yàn láti máa mú àwọn ìyàwó lọ fún àyẹ̀wò. Ilé àyẹ̀wò kékeré kan wà ní Òmù-Àrán, Ìyá Mújídà ló ni ín. Mùsùlùmí ni, ọmọ ilẹ̀ wa ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n tẹ̀lé ọmọbìnrin náà wọ ṣalángá, kí n fi ojú mi méjèèjì rí i pé ìtọ̀ tirẹ̀ ló tọ̀ sínú ike. Ìdí ni pé ọmọ kan ti gbé ìtọ̀ àbúrò rẹ̀ wá rí, inú ike mínírà ló gbé e sí. Látìgbà náà ni wọ́n ti ní kí n máa ṣọ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ń pè mí ní Màmá Ike lẹ́yìn, wọ́n rò pé mi ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ní Títí. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Mo kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ tí a gun ọ̀kadà lọ sí Òmù-Àrán. Ìyá Mújídà kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ike, ó gbé e fún un, a sì lọ sẹ́yìn ilé. Mo ti ilẹ̀kùn ṣalángá. Títí di ike mú, kò bẹ̀rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n tọ̀ ọ́.”

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo bi í pé oṣù mélòó. Ó ní oṣù kan lé díẹ̀. Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ló ni ín, ó ní ta ni ì bá tún ni ín. Mo ní kí ló wá ń dẹ́rù bà á? Ó wò mí bíi pé mi ò gbé ìlú yìí.

“Ẹ mọ ìyá mi, mà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Èkó, gbogbo ilé ti gbọ́. Bí wọ́n bá gbé mi lọ sórí bẹ́ńṣì yẹn, ìyá mi ò ní lè jáde mọ́. Ẹ jẹ́ ká padà, kí ẹ ní ara mi ò yá. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mà á wá tọ̀ ọ́. Kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ nígbà yẹn.”

Ó ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fi oògùn kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá hàn mí. Ẹnì kan ló bá a wá a ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ fọ aṣọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bi mí pé kí ló dé tí mi ò pe pásítọ̀, ẹ gbọ́ èyí tó wà lábẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ìgbéyàwó wa ku oṣù kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀rẹ́ mi kan lọ sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn nígbà náà, mo sì wà lára àwọn tí kì í kí i. Nígbà tí mo rí i pé èmi náà ti lóyún, bẹ́ńṣì yẹn ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó rò ó pé ọmọ ni. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan. Kò fipá mú mi o. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn lọ. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo wọ gáùn funfun. Pásítọ̀ ìgbà náà ní kí n kọjú sí ìjọ. Ó ní kí àwọn ọmọbìnrin wò mí dáadáa, kí wọ́n fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbi àtẹ́wọ́ yẹn. Ọmọ mi ti kú, ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ yè, òun ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo rí i láti iwájú. Òun náà pàtẹ́wọ́.

Mo bí ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn náà. Bí nọ́ọ̀sì bá bi mí, mà á ní mẹ́rin, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé márùn-ún ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Mo gbàgbọ́ pé ọmọ ni ọmọ láti ìgbà tí Ọlọ́run ti fi sínú ìyá rẹ̀, kódà kí ikùn tó yọ, kódà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìjọ tó ń wàásù rẹ̀ fún mi ló kan bẹ́ńṣì. Wọ́n ní kí a má pa ọmọ, wọ́n sì ń fi ìyà jẹ ẹni tó bá gbé e wá síwájú wọn. Ìyá Olúwa wa, ṣebí ó lóyún kí ó tó wọlé ọkọ. Ká ní Èsìẹ́ ló ń gbé ni, èmi Màmá Ike yìí ni wọn ì bá ní kí n mú un lọ sí Òmù-Àrán.

Nítorí náà, mo gba ọ̀rá oògùn náà lọ́wọ́ Títí, mo jù ú sínú ṣalángá. Mo gba ike. Mo ní kí ó kọjú sí ògiri. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, mo mọ̀ dájú pé ìtọ̀ tèmi ò ní lóyún. Mo bẹ̀rẹ̀, orókún mi ń ké, mo tọ̀ ọ́.

Nígbà tí Títí yíjú padà tó rí mi tí mò ń de ike náà, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà di ẹkún. Mo ní kí ó dákẹ́, Ìyá Mújídà á gbọ́.

Ìyá Mújídà yẹ ohun tí a gbé fún un wò, ó kọ ohun tó rí, ó lu òǹtẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi fa ìwé náà lé ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó lọ́wọ́. Títí wọ gáùn. Mo jó níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, mo jó gan-an.

Oṣù méje lẹ́yìn ìgbéyàwó ló bí ọmọbìnrin. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní oṣù ọmọ náà kò pé ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, irun bo orí rẹ̀, kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù lórí ìka. Èmi Màmá Ike ni mo wà níbi àyẹ̀wò, ta ló máa fura sí mi? Wọ́n ní ìwé irọ́ ni Ìyá Mújídà kọ. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ìjọ yòókù pé kí wọ́n má gba ìwé rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ lójú mi pé kí la tún ń wá lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́.

Èyí gan-an ni mo kábàámọ̀. Èmi tí ẹnu mi mú, mo dákẹ́. Báyìí, ẹni tó fẹ́ yẹ ibà lásán wò ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ó wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mò ń sá kaṣú lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Wàláhì, ohun tí mo rí ni mo kọ.”

Mo ní, “Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé o ò lè ṣe irú ẹ̀.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́. Ó ní Ọlọ́run á dá gbogbo ọmọ mi sí. Mo ṣe àmín, ó lọ, mi ò lè padà sídìí kaṣú.

Ọjọ́ náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá ilé mi. Ẹ rántí pé òun ló mú mi lọ nígbà náà. Òun náà sì wà lára ìgbìmọ̀ yìí báyìí. Ó ní bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á béèrè ìdí. Mo ní mà á sọ ìdí. Ó ní, “Gbogbo ìdí?” Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó ní a ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ti dárí jì wá, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo gbà pé Ó ti dárí jì wá. Mo ní ṣùgbọ́n bẹ́ńṣì ṣì wà níbẹ̀, a sì ń bá wọn nù ún. Ó ní kí Ìyá Mújídà ṣe sùúrù, àwọn èèyàn á gbàgbé.

“Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti gbàgbé?”

Ó jáde lọ wo àwọn ewúrẹ́ rẹ̀.

Mo tún lọ bá Títí. Ọmọ náà ti ń rákò. Ó rá wá, ó di ẹsẹ̀ mi mú, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Títí ní, “Màmá, bí ẹ bá sọ ọ́, òun ni wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi máa dàgbà.” Òótọ́ ló sọ. Kò sí ìyàwó mìíràn tó bímọ lóṣù méje. Bí mo bá kàn ní mo pààrọ̀ ìtọ̀, gbogbo ìlú ló máa mọ ẹni tí mo pààrọ̀ tirẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé, ẹ jọ̀ọ́. Ìyàwó mọ́kànlá ni mo ti mú lọ. Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n dìde, kí n ní ìtọ̀ mi ni wọ́n yẹ̀ wò fún àwọn mọ́kànlá. Orúkọ Ìyá Mújídà á mọ́, Títí á pamọ́ sáàárín wọn, ìwé àyẹ̀wò yẹn ò sì ní níláárí mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, nínú ilé Ọlọ́run, ó sì máa kó àbùkù bá àwọn mẹ́wàá tí kò ṣẹ̀ mí. Ṣé kí n sọ òtítọ́ tó máa lẹ̀ mọ́ ọmọ tó ń rákò, àbí kí n pa irọ́ mìíràn? Ẹ̀yin tí ọgbọ́n yín ju tèmi lọ, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ bá mi bẹ Ìyá Mújídà, bó bá ń ka ìwé yìí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí n kábàámọ̀ ọmọ tó di ẹsẹ̀ mi mú yẹn, kí ó má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi.

Mi ò lè dúró pẹ́ kí ẹ tó fèsì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo bọ́ ọ̀já oyè Ìyá Ìjọ tí mo máa ń fi kọ́ èjìká, mo fi í sílé. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, èmi nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn ń wẹ̀yìn. Bàbá ilé mi wà níwájú, kò wẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú èrò rìn wá bá mi, ó tẹrí ba, ó rọra sọ fún mi pé, “Màmá, àyè yín wà níwájú, mà.”

Mo ní ibí ni àyè mi, mo kàn pẹ́ kí n tó dé ni.