Ta Ni Yóò Tì Í Lójú Òkun?

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Pobẹ̀ lọ sí Kétu, lọ́dún kejì lẹ́yìn òmìnira, mo jókòó sẹ́yìn awakọ̀ wa àti bàbá àgbà kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi rí.

«Ọmọ mi, eré kí lò ń sá báyìí?»

«Bàbá, ẹsáǹsì, epo ọkọ̀ yìí, ti ń tán lọ. Mo fẹ́ dé Kétu kó tó tán. Òní ni àwọn àna mi fẹ́ fún mi níyàwó.»

«Eré yẹn gan-an ló ń mu ún. Ọkọ̀ wa nígbà ogun kéré, ó sì yára, ẹ̀rọ mẹ́ta ló ní. Bí a bá ń sáré, epo tó yẹ kó gbé wa lọ kó gbé wa bọ̀, àlọ nìkan ló ń tó. Àfi bí a bá rí ọ̀tá ni ọ̀gá wa ń jẹ́ ká sáré. Ṣé ọ̀tá ni àna rẹ?»

«Rárá o. Bó bá wá tán lójú òkun ńkọ́?»

«Ta ni yóò tì í?»

Awakọ̀ náà bojú wẹ̀yìn wò wá, ó rẹ́rìn-ín. «Tèmi yàtọ̀, Bàbá. Èmi ní èrò ọkọ̀ tí yóò tì í.»

Bàtà tuntun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi tí n kò tíì sọ̀rọ̀ láti Pobẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lanu: «Ọ̀gá, ẹ rọra.»