Obìnrin Tó Kọ Ẹ̀yìn Sí Wa

Ilé-ẹjọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi, ó sì tọ́ sí mi. Síbẹ̀ orin ọpẹ́ ni mo fi ń jí nínú àhámọ́ yìí, nítorí irọ́ tó fẹ́ gbé ọkàn mi lọ, Ọlọ́run ti bá mi ṣẹ́gun rẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Mafoluku ni Bàbá Fúnmi, tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ní Èjìgbò, ti kọ́ mi ní Bíbélì àti bí a ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Mo di olùkọ́ ní yunifásítì, mo ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ àwọn ayàwòrán òde òní. Nígbà kan mo kọ̀wé nípa ìpàtẹ àwòrán tí n kò lọ wò. Fọ́tò orí fóònù nìkan ni mo rí. Gbogbo ènìyàn yìn mí. Ibẹ̀ ni èké ti dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tí oyè ọ̀jọ̀gbọ́n sún mọ́lé, wọ́n ní kí n pàtẹ àwòrán tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan ọ̀dà. Bàbá Fúnmi ti yá mi àwòrán kan láti fi kọ́ni: obìnrin tó kọ ẹ̀yìn sí wa, tó ń sá aṣọ, tí àpá iná wà ní ìgúnpá rẹ̀. Mo fi ọ̀dà bo orúkọ Bàbá, mo kọ tèmi sí i, mo sì kọ ojú ìwé mọ́kànlá nípa rẹ̀ fún ìpàtẹ náà.

Bàbá gbọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí lorúkọ obìnrin inú àwòrán rẹ?”

“Ẹ má bínú, sà.”

“Mi ò bínú. O kọ ojú ìwé mọ́kànlá nípa ẹ̀yìn ìyàwó mi, o ò mọ orúkọ ẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí oyè yìí jáde ná, sà.”

“Mò ń bọ̀ níbi ìpàtẹ náà ní Sátidé. Màá kó àwòrán rẹ̀ márùn-ún tó kù dání. Mẹ́fà ni mo yà á.”

Lọ́sàn-án Jímọ̀ọ̀ mo gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti sun márùn-ún náà. Ìlẹ̀kùn padé, bàtà Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé bí bàtà yẹn bá wà níbẹ̀, ó ń sun oorun ọ̀sán nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo rí bàtà náà. Mo ṣáná.

Bàbá kú sínú iná náà; wọ́n ní sítóòfù ló gbiná. Oyè mi jáde. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tẹ àwòrán náà síwájú ìwé ètò ìsìn. Fúnmi, ọmọ Bàbá, wá bá mi yọ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ó wo ìwé náà títí.

“Ẹ̀gbọ́n, màámi rèé. Àpá ìgúnpá wọn rèé. Wọn ò kúrò l'Ékìtì títí wọ́n fi kú. Níbo lẹ ti rí wọn?”

Wọ́n pè mí síwájú láti jẹ́rìí oore Ọlọ́run. Mo ní, “Bàbá Fúnmi ló yà á. Èmi ni mo dáná sun Bàbá.” Nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, bí a ti ń gba Òṣòdì kọjá, mo gbàdúrà, mo sì mọ̀ pé ó gòkè. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Fúnmi wá wò mí lóṣù tó kọjá. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó fi fọ́tò kan hàn mí: àwòrán náà wà lára ògiri yunifásítì, wọ́n ti ha orúkọ mi kúrò, ti Bàbá sì ti yọ jáde lábẹ́ rẹ̀.

“Ọmọlará ni màámi ń jẹ́,” ó ní.

Mo sunkún ayọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ má kọ̀wé nípa ohun tí ẹ kò lọ wò. Ẹ má forúkọ yín bo orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ̀, tí ẹ rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kan ìlẹ̀kùn, kí ẹ bẹ̀bẹ̀. Bàbá Fúnmi ì bá dárí jì mí. Láti kékeré ló ti ń dárí jì mí.